Mi Ò Rí I

Ní Vardø, oòrùn a máa fi wá sílẹ̀ fún oṣù méjì.
Kì í yọ, kì í wọ̀, kò sì ní ká dúró de òun.
Nínú òkùnkùn ọ̀sán gangan la wọ iléeṣẹ́ pańla lọ wo fíìmù.
A na ìgbòkun ọkọ̀ olóògbé Ragnvald mọ́ ògiri,
àpótí ẹja la fi ṣe ìjókòó,
òórùn ẹja ló sì kọ́kọ́ gba àyè iwájú.

Máret ọmọ Aslak ló ya fíìmù náà,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí kì í sọ̀rọ̀,
tó gbé kámẹ́rà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wa
láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ títí tí òmíràn fi bọ́.
A ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀
bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé òpó.

Wọ́n paná.
Kíá, oòrùn oṣù kẹfà yọ lára ìgbòkun,
oòrùn tí kì í sùn.
Ọmọdé kan fọwọ́ bojú.
Koríko wa rèé. Àgùntàn Oddny rèé, tó jẹko dé ẹnu ilé gòólù.
Èmi rèé, nọ́ńbà mẹ́ta, ikùn ti ṣíwájú jẹ́sì.
Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kibrom rèé lápá òsì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí.
Ọmọ Ẹritíríà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
bàtà tí a fún un fi nọ́ńbà méjì jù ú lọ,
ó ki ìwé ìròyìn bọ imú rẹ̀.
Ó na ọwọ́ sókè.
Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ mi.
Mo wò ó.
Mo gbá a fún Eivind, tí ọkùnrin mẹ́ta yí ká.

Ó tún na ọwọ́. Mo tún wò ó.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ náà ò ga mọ́,
èjìká ló dé tó fi dúró,
bí ọwọ́ ọmọ tó fẹ́ bèèrè nǹkan ní kíláàsì
tó wá rántí pé wọn ò mọ orúkọ òun.

Odindi ọdún kan ni mo fi ń sọ ọ́,
fún kóòṣì, fún ìyàwó mi, fún ẹni tí kò bèèrè:
"Mi ò rí i ni. Ọmọ náà kò dúró síbi tó yẹ."
Wọ́n ní àlejò a lójú, kò ní í fi ríran.
Èmi tí a bí síbí ńkọ́?
Èmi tí mo mọ gbogbo òkúta etíkun yìí lórúkọ?

Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wò mí.
Ìyẹn ló burú jù.
Kibrom jókòó sórí àpótí iwájú mi,
ó ń fa pańla ya, ó ń jẹ ẹ́.

Fíìmù ń lọ.
Ìyá rẹ̀, Letebrhan, dúró lẹ́bàá okùn pẹ̀lú agboòrùn.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbọ́ nínú èdè wa nígbà náà: "Gbá a!"
Ó pariwo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀,
ó pariwo rẹ̀ fún àwọn alátakò,
ó pariwo rẹ̀ fún rẹfirí tó ń so okùn bàtà.
Ẹ̀rín gba ilé kan. Òun fúnra rẹ̀ dìde,
ó tẹrí ba fún wa bí ayaba.

Nígbẹ̀yìn, wọ́n nà wá, márùn-ún sí òdo.
Máret kò fi orin sí i.
Kò sọ pé bọ́ọ̀lù ń so ènìyàn pọ̀.
Afẹ́fẹ́ nìkan la gbọ́, àti àwọn ẹyẹ òkun.
Wọ́n tan iná. Oòrùn lọ. Òórùn kù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lábẹ́ iná òpó, lórí yìnyín,
bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ọsàn dé ẹsẹ̀ mi.
Mo wo òsì. Ọwọ́ wà lókè, kò ga púpọ̀.
Mo gbá a sí i,
mo gbá a tagbáratagbára:
ó fò kọjá orí rẹ̀,
ó fò kọjá ọgbà, ó yí lọ sísàlẹ̀ èbúté.
Kibrom wò mí.
Ó ní, "Mo rí i,"
ó sì sáré lọ mú un wá.